Àpótí Páànù Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì: Bí Ìwé Ẹlẹ́yinjú Àánú Kan Ṣe Yè Ní Ìbàdàn

Oníṣòwò kòkó ni bàbá tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ìbàdàn ló gbé, ó ní lọ́rì, ó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé, ó sì ti papòdà kí ogun abẹ́lé tó parí ní 1970. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ agbo ilé rẹ̀, torí ohun tí mo bá ẹbí rẹ̀ fọwọ́ sí nìyẹn. Àwọn tó mọ Ìbàdàn ìgbà náà mọ irú èèyàn tó jẹ́: èrò á ti kún ìloro rẹ̀ kó tó kírun àárọ̀ tán, bàbá tí kò rówó ilé ìwé ọmọ san á sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé pé òun ló máa sanwó. Ẹlẹ́yinjú àánú ni gbogbo ayé ń pè é.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣàwárí ìwé àtijọ́ kí n sì tọ́jú wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ bàbá ló kọ́kọ́ wá bá mi. Wọ́n ń múra ìrántí ikú bàbá, wọ́n fẹ́ sọ yàrá ìgbàlejò ilé àtijọ́ di gbọ̀ngàn ìṣàfihàn, kí wọ́n sì tẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n kó fọ́tò ńláńlá tí wọ́n fi gíláàsì bò wá, wọ́n kó ọ̀pá oyè, ìwé ìdánilọ́lá, àti àwọn ojú ìwé ìròyìn tí orúkọ bàbá ti jáde. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀, kò sí ìwé ìṣirò. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní odò Ògùnpa ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tó máa jiyàn ìyẹn. Òjò ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ló mú kí Ògùnpa ya bo ìgboro. Ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Agbo ilé bàbá kò sì jìnnà sódò. Àmọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, omi kò sì dé òkè. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ gba "omi gbé e lọ" tàbí "iná jó o" títí yóò fi béèrè yàrá kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó ń sùn níbẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé fọ́tò àti ọ̀pá oyè á jẹ́ ká mọ̀ pé ìlú yin bàbá, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ ohun tó ṣe, ìgbà tó ṣe é, àti ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ lẹ́yìn Òjóò, owó Ford Foundation àti Rockefeller Foundation, àjọ ọlọ́rẹ-àánú méjì ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1967. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń náwó wọn, kó lọ sí Rockefeller Archive Center ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1974. Ibẹ̀ ni ìwé àwọn méjèèjì wà. Ọmọ Ìbàdàn tó ń fi owó kòkó rán ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé nínú ìlú kan náà, ẹnu nìkan la fi ń ròyìn rẹ̀. Kì í sì í ṣe pé àwọn èèyàn wa kò kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé Herbert Macaulay wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Akinpelu Obisesan, gbajúmọ̀ ọmọ Ìbàdàn, kọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó jẹ́ kí àwọn onítàn máa padà sí ti Obisesan ni pé gbèsè rẹ̀, àníyàn rẹ̀ àti ẹjọ́ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ìbéèrè méjì ni mo bi ẹbí. Bàbá kò kàwé òyìnbó, ta ló ń bá a kọ̀wé? Nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, yàrá ta ni wọn ò tíì gbé fún ayálégbé? Akọ̀wé rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kò sì bá ìwé kankan nílé. Ìbéèrè kejì ló bí iṣẹ́ yìí. Yàrá ìyàwó kẹta ṣì wà bó ṣe wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló sì ń gbé ibẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó ti ta aṣọ ní Gbági títí ẹsẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Alhája ni gbogbo ilé ń pè é. Àpótí páànù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí ìpata ti mú létí, bíríkì mẹ́rin ni wọ́n gbé e lé. Àwọn ọmọ-ọmọ tó wá bá mi mọ àpótí náà láti kékeré, aṣọ òkè ìyá àgbà ni wọ́n rò pé ó wà nínú rẹ̀.

Alhája kò ṣí i fún wa. Ó gbọ́ ohun tí a wá ṣe, ó ṣàdúrà fún wa, ó ní ká máa lọ. Nígbà tí a padà wá, tí mọ́gàjí agbo ilé sì bá wa wá fúnra rẹ̀, ló tó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní, "Mọ́gàjí, ẹ má bínú. Ẹnìkan gba ìwé lọ́wọ́ ìyá mi rí, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe fótókọ́pì. Ìwé padà dé, ilẹ̀ ti lọ." Ìwé ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi owó ara rẹ̀ rà wà nínú àpótí yẹn pẹ̀lú ti bàbá. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn nípa ìtàn àti àṣà tó lè yí ìyẹn padà, mi ò sì gbìyànjú rẹ̀.

Ohun tí a ṣe ni pé a gbé iṣẹ́ wá sínú yàrá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ìwé kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí tó bá jẹ́ ti ilẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, a ò yà á ní fọ́tò, a ò ka nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. "Ìwé ilẹ̀, ó wà lọ́wọ́ ẹbí" nìkan la kọ sínú àkọsílẹ̀ wa. Ìwé yòókù, a fi pẹ́ńsùlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀yìn wọn, a dá wọn padà sínú àpótí, a ti àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Alhája títí iṣẹ́ fi parí. Ó fa iṣẹ́ gùn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ilẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìyá yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa ẹni tó ni ọwọ́ ìkọ̀wé yìí, ìdí tí wọ́n fi di ìyẹn pọ̀, àti ọdún tí èyí ṣẹlẹ̀. Ká ní ọ́fíìsì wa ni a kó àpótí lọ, gbogbo àlàyé yẹn ì bá ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú àpótí. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà ìtọrọ, tí wọ́n fi èérún aṣọ dì ní ìdì-ìdì. Èkejì ni bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni lẹ́jà, ìyẹn ìwé ìṣirò owó, tí wọ́n yọ nínú omi ṣọ́ọ̀bù ní 1980, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n sì kó wá sókè.

Jẹ́ kí n ṣàpèjúwe lẹ́tà kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní táípù lórí bébà tó ti pọ́n bí ewé obì gbígbẹ, lẹ́tà "e" inú rẹ̀ ti dí, gbogbo rẹ̀ wá dà bí ẹyọ dúdú. Táípù yìí kan náà ló kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà inú ìdì, láti ọwọ́ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí àwọn tí kò mọ̀wé máa ń sanwó fún akọ̀wé tó jókòó síta láti bá wọn kọ ọ́. Pínnì tó ti dípẹtà mú igun rẹ̀. Iwájú rẹ̀ kún fún ìkíni àti ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kó ọ̀rọ̀: akọ̀wé bàbá fi pẹ́ńsùlù kọ iye tí wọ́n fún un àti ọjọ́, bàbá sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ka sí i. Àwọn tí wọn ò fún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìlà kan ni wọ́n fà sẹ́yìn wọn, kò sí ìtẹ̀ka. Ó tọ́jú ti ẹni tó rí gbà àti ti ẹni tí kò rí gbà pọ̀. Ẹni tó bá ya iwájú lẹ́tà nìkan ní fọ́tò, ohùn atọrọ nìkan ló ní lọ́wọ́. Kò ní ti bàbá.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ fẹ́ tú àwọn ìdì náà, kí wọ́n to lẹ́tà bí orúkọ ṣe tẹ̀lé ara wọn, kó lè rọrùn láti wá. Mo kọ̀. Bí ẹni tó ni ìwé bá ṣe tò ó, ìtàn wà nínú rẹ̀, ìlànà iṣẹ́ wa sì ni pé a kì í tú u kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò sì tètè yé wa. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ìdì kan jẹ́ ti òpin oṣù keje 1946. Ìdì tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ láàárín gbùngbùn oṣù keje 1947, èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje 1948. Kì í ṣe ọdún oyìnbó, kì í ṣe ọdún ilé ìwé, kì í ṣe àsìkò kòkó.

Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ orí ìdì ló dáhùn, díẹ̀ ló sì kù kí a pàdánù wọn. Tíírà ni gbogbo ilé pè é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé, tó gbà tọkàntọkàn pé tíírà lòdì sí ẹ̀sìn, ti kó wọn jọ láti lọ sun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ààfáà kọ́kọ́ kà wọ́n, bó bá jẹ́ tíírà, ẹbí ni yóò pinnu. A gbé wọn lọ fún ààfáà àgbà kan tó ṣì mọ àjàmì kà dáadáa. Ó wo ti àkọ́kọ́, ó kà á láìdúró, Yorùbá ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀: Yorùbá Ìbàdàn, tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Ìṣirò sàká ni. Òkè ni ọdún wà, oṣù ààwẹ̀ ọdún Hijira 1365, ìyẹn kíka ọdún àwọn Mùsùlùmí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iye ọjà tó wà nílẹ̀ àti owó ọwọ́, lẹ́yìn náà ìdá kan nínú ogójì, lẹ́yìn náà àwọn tó gbà á. Ẹbí gbà kí n kọ ìlà méjì tí kò lórúkọ síbí: ìyá tó ń ta ọṣẹ lẹ́yìn mọ́sálásí, ṣílè márùn-ún, afọ́jú ẹnu ọ̀nà Ọjà Òjé, ṣílè méjì àti sísì.

Ààwẹ̀ 1365 bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù keje 1946. Ti ọdún tó tẹ̀lé e fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni ti ọdún kẹta. Láti ààwẹ̀ sí ààwẹ̀ ni bàbá ń ka ọdún àánú rẹ̀, ìdì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọdún kan. Ká ní a ti tú wọn, a ò ní mọ̀ ọ́n láéláé. Ó tún jẹ́ ká rí i pé ọ̀tọ̀ ni ìwé sàká, ọ̀tọ̀ ni ìwé sàráà. Sàká ni dandan, orí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà. Sàráà, èyí tó ti inú rẹ̀ wá, ẹ̀yìn lẹ́tà ló wà. Àwọn ọmọ ti pa méjèèjì pọ̀ di ìtàn kan ṣoṣo lẹ́nu wọn.

Lẹ́jà ló fún wa ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò retí, àyàfi Alhája. Pẹ́ńsùlù àdàkọ ni wọ́n fi kọ apá kan nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń di elésè àlùkò tí omi bá kàn án, àwọ̀ yẹn sì ti ràn kárí ojú ìwé. Oòrùn tí wọ́n sá a sí ti mú kí àwọn ojú ìwé lẹ̀ mọ́ra. A kò fi ipá ya èyíkéyìí. Èyí tó bá fẹ́ ṣí, a fi bébà funfun tí kò ní kẹ́míkà sáàárín rẹ̀, a tan iná láti ẹ̀gbẹ́, a sì yà á ní fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ máa ń gbé ipa pẹ́ńsùlù jáde níbi tí àwọ̀ ti parẹ́.

Ohun tí a rí níbẹ̀ rèé. Oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni kòkó máa ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn sì ni owó wà lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó, títí kan owó tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó máa ń yá wọn sílẹ̀ láti fi rà á. Oṣù kìíní ni ọdún ilé ìwé ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí owó ilé ìwé fi rọrùn fún bàbá san. Ṣùgbọ́n sàká bọ́ sí oṣù keje ní àwọn ọdún yẹn, nígbà tí owó ti wọlé sínú ọjà àti lọ́rì, tí ọwọ́ sì gbẹ. Ní ọdún lẹ́yìn ọdún, owó kan wọlé sínú lẹ́jà ní kété kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì jáde padà ní àsìkò kòkó, láìsí èlé. Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ti ìyàwó kẹta. Obìnrin tó ń ta aṣọ ló ń yá ọkọ rẹ̀ lówó kí sàká má bàa ṣẹ́kù. Ìdí rèé tí ìwé fi wà ní yàrá rẹ̀: ó ń tọ́jú ẹ̀rí owó ara rẹ̀. Nígbà tí mo ka a sétí Alhája, ó ní òun mọ̀, ìyá òun sọ fún òun, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò bi òun rí.

Kò sí orúkọ ìyá yìí nínú ìwé ìdánilọ́lá kankan. Àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ ká fi lẹ́jà sílẹ̀ nínú ìtàn, torí gbèsè bàbá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ní yóò bu iyì rẹ̀ kù. Mo sọ fún wọn pé bí lẹ́jà bá kúrò, ìyàwó kẹta kúrò nìyẹn, a ó sì máa parọ́ mọ́ bàbá pé ó dá nìkan ṣe é. Mọ́gàjí gbè mí lẹ́yìn. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó ló wà lórí àkójọ náà báyìí.

Lẹ́tà náà ní tiwọn jẹ́ ká rí bí ìlú ṣe ń yí padà. Títí di òpin 1954, owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kún inú wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, ìtọrọ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Grama àti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ló gba ipò rẹ̀. Nígbà tó yá, owó ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Mi ò mọ ìwé ìjọba kankan tó lè fi ohun tí ètò ọdún 1955 yẹn gbé kúrò léjìká àwọn òbí hàn báyìí.

Ibí ni ìjà gidi ti wá. Ìgbìmọ̀ ìrántí rí i pé àwọn kan nínú àwọn tó kọ lẹ́tà, ọmọ wọn ti di ẹni ńlá. Wọ́n fẹ́ gbé lẹ́tà wọ̀nyẹn sínú gíláàsì lójú gbogbo àlejò. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ ọ́ jáde pé tí ìdìbò bá dé, ó yẹ kí ìlú mọ ẹni tó jẹ ẹbí yìí ní gbèsè ọpẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, ààfáà ti kọ̀ láti ka orúkọ kankan sókè lójú àwọn ọ̀dọ́. Ó rán wa létí ẹsẹ̀ 271 nínú Suratul-Baqarah, pé ó dára bí èèyàn bá ṣe sàráà ní gbangba, àmọ́ èyí tó fi pamọ́ tó sì fún aláìní, ìyẹn ló dára jù fún un. Bàbá mọ ẹsẹ̀ yìí; ó kọ orúkọ wọn ní àjàmì, níbi tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù kò ti lè kà á. Mọ́gàjí gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán, ó ní, "A kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Ẹ fẹ́ sọ ìwé bàbá yín di ìregún."

Ohun tí mo gbé síwájú wọn ni pé bébà lẹ́tà jẹ́ ti ẹbí, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àdàkọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn àrólé rẹ̀, àti pé Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò dátà láti 2023. Òfin ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ mọ́gàjí ló parí ìjà. Ẹ̀yìn lẹ́tà nìkan ló wà nínú gíláàsì gbọ̀ngàn báyìí: iye owó, ọjọ́, àti ìtẹ̀ka bàbá. Èrò máa ń dúró níbẹ̀ pẹ́ ju ibi ọ̀pá oyè lọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìwé àdéhùn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa, torí òun ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sígbẹ̀yìn. A kọ tiwa kí ìwé tó kúrò nílé lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó gbà á. Ó pín àkójọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́jà àti ẹ̀yìn lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń ṣèwádìí. Iwájú lẹ́tà ṣí fún ẹni tó bá fọwọ́ sí i pé òun ò ní dárúkọ, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ lẹ́tà sì lè béèrè ti bàbá rẹ̀ kó gba ẹ̀dà. Bébà àjàmì wà ní títì títí di 2060. Ìwé atọ́ka sọ ọdún wọn, iye owó àti irú èèyàn tó gbà á, kò sọ orúkọ. Àwọn tí kò rí gbà ní ìdáàbòbò kan náà pẹ̀lú àwọn tó rí gbà. Ìwé ilẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìyípadà èyíkéyìí, mọ́gàjí tó bá wà lórí oyè àti ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyàwó kẹta. Ìlà ìkẹyìn yẹn, Alhája ló ní kí a fi sí i, ó sì ní kí wọ́n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó tẹ̀ka.